Kí ọyẹ́ tó dé ni ká ti múra sílẹ̀ de iná igbó

Ẹ ṣeun fún ìròyìn yìí nípa iná tó ń jó oko kajú lágbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ibi tí ẹ ti ní ọkọ̀ panápaná ló kù kó dé. Ọ̀nà oko wa, ọkọ̀ wo ló fẹ́ gbà á? Kó tó dé, eérú ló máa bá.

Oṣù kọkànlá ni ká ti mọ̀ọ́mọ̀ sun koríko, nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, kí iná ńlá má bàa rí nǹkan jó tó bá yá. Iná ìgbà yẹn kì í ga, bí ìrì bá sẹ̀ lálẹ́, ó lè kú fúnra rẹ̀. Ti oṣù kejì kọ́! Atẹ́gùn á gbé ewé oníná sọdá ọ̀nà.

Oko bàbá mi jó nítorí ẹnì kan tó ń fi iná lé òyà. Igi tí wọ́n ti gbìn kí wọ́n tó bí mi! Bàbá jókòó sídìí ọ̀kan, wọn ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin baálẹ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọdẹ, àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní darandaran jọ, kí wọ́n fẹnu kò sórí ọjọ́ tí a ó máa sun igbó. Kí a ro àyíká oko kajú mọ́lẹ̀, kí a gbá ewé gbígbẹ kúrò. Kí rédíò sì kéde ọjọ́ náà lédè Fúlàní pẹ̀lú.