Joan Kò Sí Nínú Fíìmù

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Bí mo bá ti rí William Burroughs, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, nínú fíìmù, Joan, ìyá ọmọ rẹ̀, ni ọkàn mi máa ń lọ bá.

Ọmọ ilé ọlá ni Burroughs. St. Louis ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1914. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣe ẹ̀rọ ìṣírò tó sọ orúkọ wọn di ńlá. Ó kàwé ní Harvard, oògùn olóró sì wá dè é mọ́lẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1951, ní Mexico City, níbi tí wọ́n ti ń mutí, ó ní kí Joan Vollmer gbé ife lérí kí òun yìnbọn lu ife náà. Orí Joan ni ọta bà, ó sì kú. Ọjọ́ 13 ni Burroughs lò látìmọ́lé kó tó gba béèlì. Nígbà tó yá, ó sá kúrò nílùú. Billy ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọdún 4.

Òǹkọ̀wé gidi ni, mi ò jiyàn. Nínú fíìmù Drugstore Cowboy, lọ́dún 1989, ó ṣe àlùfáà arúgbó tí oògùn ti bà jẹ́. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ò mì. Kò sí eléré kankan tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti jẹ ìyà ọ̀hún rí. Nike náà fi í polówó bàtà lọ́dún 1994, ẹgbẹ́ olórin U2 sì fi í sínú fídíò wọn ní 1997, ọdún tó kú.

Àmọ́ ọdún 1981 ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Lóṣù kẹta, Billy kú lẹ́ni ọdún 33, lẹ́yìn tí ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Lóṣù kọkànlá, bàbá rẹ̀ jókòó lórí Saturday Night Live, ètò ẹ̀fẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, ó ń ka ìwé rẹ̀ sókè fún gbogbo Amẹ́ríkà.

Burroughs fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 1985 pé bí kì í bá ṣe ikú Joan, òun ò ní di òǹkọ̀wé. Àwọn èèyàn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé owó iléèwé ni ẹ̀mí obìnrin yẹn. Inú máa ń bí mi! Joan kàwé, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ilé rẹ̀ ní New York ni àwọn òǹkọ̀wé bíi Ginsberg àti Kerouac ti ń jókòó sọ̀rọ̀ mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Mo ti gbọ́ ohùn Burroughs débi pé mo lè dá a mọ̀ nínú òkùnkùn. Mi ò tíì gbọ́ ohùn Joan rí.