Kò sẹ́ni tó ń da kọ́lọ̀ àti sípíríìtì sínú wáìnì pupa o

"Wáìnì gidi kì í pani, sípíríìtì ni wọ́n dà sí i. Àjàrà wo ló máa pọ́n tó yẹn, kọ́lọ̀ ni." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Kò sí pátì tí wọ́n á gbé ìgò wáìnì pupa kalẹ̀ tí ẹnì kan ò ní sọ ọ́, àwọn yòókù á sì máa mi orí bíi pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Irọ́ ni jàre. Mi ò sọ ti àwọn tó ń po ayédèrú nínú dúrọ́ọ̀mù o, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti NAFDAC, wáìnì tó ti oko àjàrà wá ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Stellenbosch ní South Africa, torí ọ̀pọ̀ ìgò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Àwọn ará Cape, agbègbè tí Stellenbosch wà, ò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lánàá, ọjọ́ kejì oṣù February 1659 ni Jan van Riebeeck, òyìnbó Dutch tó ń pàṣẹ níbẹ̀ nígbà yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé àwọn ti fún wáìnì àkọ́kọ́ látinú àjàrà ibẹ̀. February sí March náà ni wọ́n ṣì máa ń kórè èyí tó pọ̀ jù nínú àjàrà dúdú wọn, torí ìgbà yẹn ni ìgbà ooru tiwọn ń parí lọ. Òru tàbí ìdájí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ká a kí oòrùn má bàa bà á jẹ́. Kí wọ́n tó ká a wọ́n á ti máa wọn ṣúgà inú ẹ̀, tó bá ti tó bíi gíráàmù 24 nínú gíráàmù 100 omi àjàrà, ó ti yá nìyẹn. Ẹ di 24 yẹn mú.

Ẹ wá mú hóró àjàrà dúdú kan, èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì náà dáa, ẹ bó èèpo ẹ̀, ẹ fún un. Kí lẹ rí? Omi tí ò láwọ̀ kan dàbí alárà ni. Inú èèpo ni pupa yẹn wà. Ìdí nìyẹn tí Ṣáńpéènì, wáìnì oníhòóhò ti France, fi lè funfun bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjàrà dúdú, Pinot Noir àti Meunier, ló pọ̀ nínú àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n tètè fún omi ẹ̀ jáde kí àwọ̀ èèpo tó ràn án. Àjàrà tí omi inú ẹ̀ gan-an pọ́n wà o, irú Alicante Bouschet, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀.

Tó bá wá jẹ́ wáìnì pupa ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á já hóró kúrò lára ẹ̀ka ẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, àtomi àtèèpo àti kóró, gbogbo ẹ̀ á wọ táǹkì pọ̀. Yíìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà, á máa sọ ọ́ di ọtí, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á máa tú jáde, afẹ́fẹ́ yìí náà lá máa ti èèpo lọ sókè táá fi ki pọ̀ sójú omi. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òkè yẹn á kan ni, àwọ̀ náà ò sì ní jáde dáadáa, torí náà lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi igi tì í wọlẹ̀, àbí kí wọ́n fi pọ́ọ̀ǹpù fa omi ìsàlẹ̀ dà sórí ẹ̀. (Afẹ́fẹ́ yẹn ń pààyàn o, ẹni tó bá ki orí bọ táǹkì láìṣàyẹ̀wò lè má jáde mọ́.) Ooru táǹkì máa ń tó 25 sí 30°C, ooru yìí àti ọtí tó ń jáde ló ń fa pupa kúrò lára èèpo. Wákàtí díẹ̀ pẹ̀lú èèpo, rosé nìyẹn, wáìnì tó kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti pọ́n dúdú.

Ọ̀rọ̀ 24 wá dé. Bíi gíráàmù ṣúgà 17 nínú lítà kan ló ń di 1% ọtí. 24 nínú 100 yẹn á tó bíi 240 nínú lítà kan, ẹ ṣírò ẹ̀, ó máa bọ́ sí bíi 14%, iye tẹ́ ẹ máa ń rí lára ìgò náà nìyẹn. Ibo ni wọ́n ti da sípíríìtì sí i? Ta ló ń da sípíríìtì sẹ́mu? Adẹ́mu gbé e sọ̀ láàárọ̀, ó dùn yùngbà, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń pani, yíìsì tó wà nídìí ẹ̀ náà ló wà nídìí wáìnì.

Kódà, kí omi àjàrà má di ọtí ló ń gba wàhálà. Ní 1869, Thomas Welch, dókítà eyín kan ní Vineland, New Jersey, ọmọ ìjọ Methodist, wá omi àjàrà tí kò ní pani fún oúnjẹ alẹ́ Olúwa, àfìgbà tó ki ìgò ẹ̀ bọ omi gbígbóná kí yíìsì inú ẹ̀ kú, bí Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará France, ṣe fi hàn. So, "non-alcoholic" tẹ́ ẹ ń pè ní ojúlówó yẹn gan-an ni wọ́n ṣe nǹkan sí.

Irọ́ yìí ò kàn ṣàdédé hù sha. Port, wáìnì kan ti Portugal, wọ́n ń da búráǹdì 77% sí i kí ṣúgà ẹ̀ tó tán, ó sì máa ń le tó bíi 20%, ṣùgbọ́n wọn ò fi pamọ́, bí Port ṣe jẹ́ nìyẹn. Ní sẹ́ńtúrì 18, àwọn kan ń fi èso igi elder kun Port kó lè dúdú, Marquês de Pombal, mínísítà tó ń darí ìjọba Portugal nígbà yẹn, bá ní kí wọ́n hú gbogbo igi elder tó wà ní Douro, agbègbè tí Port ti ń wá. Ní France ní 1907, àwọn àgbẹ̀ àjàrà Languedoc, ní gúúsù ibẹ̀, fúnra wọn ló tú síta torí ayédèrú wáìnì tó ń ba ọjà wọn jẹ́, sójà yìnbọn nílùú Narbonne, èèyàn kú, òfin tó le jáde lọ́dún yẹn náà. Àwọn ibi tó tutù ní France ṣì lè da ṣúgà sí omi àjàrà kí ọtí ẹ̀ lè gbéra díẹ̀, South Africa ò gbà á.

Lẹ́yìn táǹkì, wọ́n á fún èèpo yòókù, kòkòrò bakitéríà kan á sọ kíkan ẹ̀ di èyí tó rọ̀ lẹ́nu, á wọ àgbá igi, á jókòó níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan tàbí kó lé lọ́dún. Ní Bordeaux ní France, àwọn míì ń fi funfun ẹyin wẹ̀ ẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà sulphite, lẹ́yìn náà ìgò. Sulphite tí wọ́n kọ sára ìgò yìí làwọn kan ń fi ṣe ẹ̀rí pé kẹ́míkà ló pọ́n ọn. Ẹ jọ̀ọ́, sulphite kì í pọ́n nǹkan kan, ṣe ló máa ń mú kí pupa yẹn ṣá díẹ̀, kó má bàa bàjẹ́ ni wọ́n ṣe fi sí i.

Tí wáìnì bá wá pẹ́ nínú ìgò, ẹ máa rí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nísàlẹ̀ ẹ̀. Aró kọ́ o, àwọ̀ èèpo àti tannin, ohun inú èèpo àti kóró tó ń mú ẹnu gbẹ, ló so pọ̀ tó rọ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà dúró fún ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ rọra dà á, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀.