Oòrùn Ni Kí A Kọ́kọ́ Dá Dúró Lójú Fèrèsé

Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Àkúrẹ́ ń náwó síbi tí kò yẹ nítorí ooru inú ilé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ẹ̀rọ amúlétutù tó tún tóbi sí i ni a máa ń wá, ẹni tí owó rẹ̀ bá sì ká a yóò máa béèrè fún fèrèsé onígíláàsì méjì bíi ti ìlú òyìnbó.

Lóòótọ́, gíláàsì méjì tí afẹ́fẹ́ há sáàárín máa ń dín ooru tó ń gba ara gíláàsì kọjá kù ní nǹkan bí ìdajì. Ṣùgbọ́n ibi tí òtútù ti ń mú ni wọ́n ti nílò rẹ̀ jù, kí ooru inú ilé má baà jáde. Ní tiwa, oòrùn ni ọ̀tá. Bí ìta bá wà ní 34°C tí yàrá sì wà ní 24°C, ooru tí ìyàtọ̀ yẹn ń mú gba ara gíláàsì kan ṣoṣo wọlé kò ju nǹkan bí 57 wáàtì lọ lórí mítà kan níbùú lóòró, nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè da ohun tó ju 500 wáàtì lọ sórí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí gíláàsì tó mọ́ gaara, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, yóò sì jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, ìta ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àtíbàbà páànù tó yọ síwájú fèrèsé, tàbí igi tó ń ṣíji bò ó, ń dá oòrùn dúró kí ó tó kan gíláàsì. Kọ́tìnì, bó ti wù kó nípọn tó, ẹ̀yìn ìgbà tí oòrùn ti wọlé ló ń pàdé rẹ̀. (Àwọn tó kọ́ ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ láyé àtijọ́ kò ṣèṣì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.)

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àlàfo kàn. Lójú fèrèsé alumíníọ̀mù tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sláídìn, búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń dí ojú ibi tí gíláàsì ti ń rìn, ó sì máa ń jẹ tán láìjẹ́ pé onílé fura. Ibi tí eruku ọyẹ́ bá tò sí lẹ́sẹẹsẹ ni afẹ́fẹ́ tútù yín ń gbà jáde: ẹ pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì náà, kí ẹ sì fi sílíkónì dí àárín férémù àti ògiri.

Ẹni tí kò lo ẹ̀rọ amúlétutù kò nílò dídí kankan. Ní tèmi, kí ó má tilẹ̀ yọ fèrèsé lúfà rẹ̀, nítorí lúfà ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tí sláídìn kì í ṣí ju ìdajì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìdáná tí a ti ń lo gáàsì: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí ojú fèrèsé ibẹ̀.