Ẹ yéé fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa ajá lára

Mo tún rí òmíràn láàárọ̀ yìí, nídìí ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì tó wà ní ìta àdúgbò wa n'Íbàdàn. Ajá ìbílẹ̀ pupa kan ni. Wọ́n ti fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ lábẹ́ ọkọ̀ kùn ún látorí dé ìrù. Ó jókòó sínú oòrùn, ó ń gbọ̀n, ó sì ń lá ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó ni ín kì í ṣe ìkà o. Ó fẹ́ràn ajá náà. Ó ní ó ti lé lóṣù kan tó ti ń họra tọ̀sán-tòru, wọ́n sì ní ọ́ìlì ló máa pa ohun tó ń jẹ ẹ́ lára.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí ohun tí èmi náà ṣe fún Tanímọ̀la, ajá mi, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, irun etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí re. Ó dé ìgúnpá, ó dé abẹ́ ikùn. Tó bá di òru, tó bá ń họra, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu páànù ilé rẹ̀, gbà gbà gbà, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ní làpálàpá ni. Mo ra ìpara táwọn èèyàn ń lò, mo fi pa á. Nígbà tí kò lọ, mo mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ wo ara rẹ̀, abẹ́rẹ́ màlúù ló gún un. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ajá ṣì ń họra. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kéékèèké pupa bẹ̀rẹ̀ sí sú sí apá àti ikùn àbígbẹ̀yìn mi, òun ló sì máa ń gbé ajá náà mọ́ra jù. Mo ní ooru ló mú un.

Nígbà tí mo wá gbé Tanímọ̀la dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu obìnrin náà ni, "Mà, ṣé ara ń yún ẹnikẹ́ni nínú ilé?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ lẹ́nu mi. Ó mú ṣóńṣó etí ajá náà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì ń fi í ra ara rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka kan. Ẹ ò ní gbàgbọ́: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Tanímọ̀la gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí họ afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ kẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn. Dókítà wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ó kán òróró díẹ̀ sí bíléèdì, ó fá awọ ìgúnpá náà títí ẹ̀jẹ̀ fi hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó tẹ́ ohun tó fá sórí gíláàsì, ó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Kò rí nǹkan kan.

Mo ti ń múra àtilọ ilé. Ó ní kí n dúró. Ó ní ìfọ́n ni, kòkòrò rẹ̀ kò ṣeé fojú lásán rí, ṣe ló ń gbẹ́ ihò wọnú awọ, díẹ̀ péré tó láti ya ajá ní wèrè, nítorí náà a lè fá ara títí ká má bá a pàdé. Etí tó ń re, ìgúnpá, ikùn, àti ara ọmọ mi tó ń yún, àwọn yẹn ni ẹ̀rí tirẹ̀. Ó fún un ní oògùn jíjẹ tó bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu. Ó ní gbogbo ajá tó wà lágbo ilé la gbọ́dọ̀ tọ́jú lọ́jọ́ kan náà, èyí tó ń họra àtèyí tí kò họra, kí n sì jó àpò tó ń sùn lé. Ní ti ọmọ, ó ní ìfọ́n ajá kì í lè pẹ́ lára èèyàn tí ajá bá ti sàn, àmọ́ bí kò bá lọ, ká gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó lọ. Kó tó tó oṣù kan, irun tuntun ti ń hù létí Tanímọ̀la, ó múlọ́lọ́ bí aṣọ àrán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́ nìyí: ara yíyún kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, bí ara gbígbóná ló rí. Ohun kan ló fà á, ohun náà la sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. Ibi tó bá ń dunni lọwọ́ ẹni í gbé, ajá náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí eyín àti èékánná rẹ̀ ń lọ. Tó bá jẹ́ ìdí ìrù àti ẹ̀yìn ló ń gé jẹ, ẹ fura sí yọ́rọ̀, kòkòrò dúdú tín-ínrín tó ń fò nínú irun. Ẹ lè máà rí òun fúnra rẹ̀, torí náà ẹ fi kóòmù ya irun náà, ẹ gbọn ìdọ̀tí dúdú tó bá já sórí bébà funfun tí ẹ fomi rin. Bó bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ajá tí yọ́rọ̀ ti mu tó sì ti yà nìyẹn. Yẹ̀pẹ̀ kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹyin yọ́rọ̀ kì í sì í dúró lára ajá, ó ń já sórí ẹní, kápẹ́ẹ̀tì, inú ilẹ̀ tó là. Ẹni tó bá tọ́jú ajá tí kò tọ́jú ilé, iṣẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èyí tó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ ṣáá, tí etí rẹ̀ ń rùn, tó lọ tán tó tún padà, oúnjẹ tàbí eruku àti koríko lè má bá a lára mu. Ìyẹn gba sùúrù jù: láti mọ̀ bóyá oúnjẹ ni, fún bí ọ̀sẹ̀ 8, ẹran kan ṣoṣo tí kò jẹ rí ni kó máa jẹ, kò gbọdọ̀ sí egungun adìyẹ látọwọ́ àwọn ọmọ, kò gbọdọ̀ sí bisikíìtì. Ọmọ ajá tí irun ojú àti ẹnu rẹ̀ ń re, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ họra, kòkòrò mìíràn ni, ara ìyá rẹ̀ ló ti kó o, kì í ran èèyàn.

Kí ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fẹ́ ṣe sí gbogbo ìyẹn? Ajá á lá a, á wọ inú rẹ̀, á sì jó awọ tó ti bó tẹ́lẹ̀. Ọ̀tapíapíà burú ju ìyẹn lọ: ó ń gba awọ wọlé, ajá á máa da itọ́, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Abẹ́rẹ́ màlúù tí wọ́n fojú díwọ̀n náà ti ṣekú pa ajá rí, pàápàá irú Collie, àti àwọn Alsáṣíà kan, tí ara wọn kò lè ta ivermectin, oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, nù lọ́pọlọ.

Wọ́n á ní dókítà ń gba owó. Nígbà tí mo ṣírò ìpara, abẹ́rẹ́ méjèèjì àti oògùn ọmọ mi, ó ju ohun tí mo san fún dókítà lọ. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta.

Mo bẹ ọkùnrin tó ni ajá pupa yẹn, ó gbà. A pọn omi, a fi ọṣẹ ìfọbọ́ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí omi tó yéé dúdú. Nígbà tó gbẹ díẹ̀, mo mú etí rẹ̀, mo fi í ra ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra. Ọkùnrin náà bi mí pé aago mélòó ni ilé ìwòsàn ẹran máa ṣí lọ́la.