Dúró!

(Gbọ̀ngàn kan ní Garki, l'Ábújá. Bàbá Yétúndé, télọ̀ ní Nyanya, jókòó láàárín ìyàwó rẹ̀ àti Yétúndé, ọmọ ọdún 17.)

OLÙDARÍ: Eré yìí kì í ṣe àwòdákẹ́ o! Augusto Boal, ará Brazil, ló fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá. Bí nǹkan ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pariwo "Dúró!", kí ẹ gun orí ìtàgé.

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa tí a ó tún bá wọn ṣiṣẹ́?

ÌYÁ YÉTÚNDÉ: Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

(Lórí ìtàgé: Bàbá Ìtàgé àti Ṣọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń sunkún.)

BÀBÁ ÌTÀGÉ: Ṣọlá! Nínú ilé yìí, ẹgbẹ́ òṣèlú Oníṣíbí la jẹ́! Dé fìlà ẹgbẹ́!

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Ọ̀rọ̀ rèé!

YÉTÚNDÉ: Dádì, àbí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ fún un?

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Kí ni ọmọ yẹn wá ń sunkún sí? Dúró! Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣe bàbá. Ọdún 17 ni mo ti ń ṣe é, mi ò nílò rìhásà.

OLÙDARÍ: Rárá, sà. Ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ la máa ń gba ipò ẹ̀. Ẹ̀yin ni Ṣọlá. Ẹ gba ìborùn.

(Ẹ má bi mí bí ìborùn náà ṣe rí pẹ̀lú irùngbọ̀n.)

BÀBÁ ÌTÀGÉ: Ṣọlá, kúnlẹ̀!

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Orúnkún ń dùn mí.

BÀBÁ ÌTÀGÉ: Ọmọ ọdún 17? O ti ń ya aláìgbọràn!

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Ẹ má bínú, sà. Kí tiẹ̀ ni Oníṣíbí ṣe fún wa?

BÀBÁ ÌTÀGÉ: Ṣé wọn ò fún wa ní ìrẹsì nígbà ìdìbò ni?

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Múdù kan! Òkúta inú ẹ̀ pọ̀ ju ìrẹsì lọ!

BÀBÁ ÌTÀGÉ: Kí lọmọdé mọ̀ nínú òṣèlú?

YÉTÚNDÉ (láti ìsàlẹ̀): Dádì, òfin 2018! Ẹni ọdún 25 lè dupò aṣojúṣòfin!

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Ẹ gbọ́ nǹkan? Ọdún mẹ́jọ péré ló kù fún mi!

BÀBÁ ÌTÀGÉ: Èmi ni mo ni ilé! Mo ti pàṣẹ!

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Àṣẹ kẹ̀? Lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de Hubert Ògúndé nítorí eré orí ìtàgé. Kò pé ọdún méjì tí ìjọba ọ̀hún fi kógbá wọlé. Ògúndé ń ṣeré ẹ̀ lọ!

(Gbọ̀ngàn dàrú. Bàbá Ìtàgé gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn, ó ṣí fìlà.)

ÌYÁ YÉTÚNDÉ: Ẹ gbà mí! Ta ló kọ́ ọkọ mi nírú ọ̀rọ̀ yìí?

(Nínú bọ́ọ̀sì Nyanya, láṣàálẹ́.)

BÀBÁ YÉTÚNDÉ: Ẹ gbọ́ o. Eré leré, ilé nilé. Yétúndé, tó o bá ti pé ọdún 18, ẹgbẹ́ tí mo bá sọ lo máa dìbò—

YÉTÚNDÉ: Dúró!

(Dírẹ́bà tẹ bíréèkì wàà.)

DÍRẸ́BÀ: Wa zai sauka? Ta ló fẹ́ sọ̀kalẹ̀?

ÌYÁ YÉTÚNDÉ: Bàbá ẹ̀ ni.