MPEG-4 kò lè dá àwòrán tó ti bàjẹ́ padà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní tí wọ́n bá ti yí ìkànnì sátẹ́láìtì láti MPEG-2 sí MPEG-4, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ àti ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń fún dátà àwòrán pọ̀ kó lè kéré, àwòrán á mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí MPEG-2 bá ti gé dànù ti lọ nìyẹn. Ẹ wo etí lẹ́tà tó ń sáré nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n dáadáa: gbogbo wúruwùru ibẹ̀ ló máa bá a wọ inú H.264, ìyẹn irú MPEG-4 tí wọ́n ń lò fún àwòrán. Ààyè ni àwọn oníkànnì ń wá tí wọ́n fi ń yí i. H.264, tó jáde ní 2003, ń lo nǹkan bí ìdajì dátà fún irú àwòrán kan náà, ìkànnì púpọ̀ sí i á wá gba orí transponder kan, ìyẹn ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì tó ń gba ìkànnì tó sì ń dá a padà sílẹ̀ ayé. Dekódà àtijọ́ tí kò mọ̀ ju MPEG-2 lọ ńkọ́? Ohùn lè jáde, àmọ́ ojú rẹ̀ á dúdú, bó ti wù kí ẹ yí díìṣì tó.