Owó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kọ́ ló jẹ owó kòtò àdúgbò yín

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí, a ṣì dúró nídìí mọ́tò, à ń kíra wa pé ó dàbọ̀, ni bọ̀ọ̀dá kan bá nawọ́ sí òdìkejì títì. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí ní England, ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, wọ́n ti to bèbè kọnkéré lọ súà. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ẹ wo ibi tí owó tí à ń san fún káńsù lóṣooṣù ń gbà lọ. Kòtò iwájú ilé mi ti jẹ táyà méjì, wọn ò dí i. Básíkùlù ni wọ́n ń ṣọdún fún." Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí, torí ẹni tó jù mí lọ ló ń sọ̀rọ̀, ebi sì ń pa mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibí ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, torí bọ̀ọ̀dá kì í ka ohun tí mo bá kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un báyìí. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Houston fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú màmá. Òrùlé ń jò lóòótọ́, páànù sì ti gbówó lórí. Ta ló tó fi owó ojú màmá ra páànù? Ẹ̀gbọ́n á béèrè rìsíìtì, á tún béèrè fọ́tò. Bí ẹ kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, á ní kí ẹ dá owó òun padà. Owó tó lórúkọ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí àwọn káńsù England fi ń ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe rí. Ìjọba àpapọ̀ ló ń fún wọn, orúkọ iṣẹ́ sì ti wà lára owó náà kó tó dé ọwọ́ wọn. Ní ìta London, Active Travel England ló ń bójú tó o, iléeṣẹ́ ìjọba kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní York lọ́dún 2022. Chris Boardman, ẹni tó gba góòlù nídìí kẹ̀kẹ́ ní Barcelona lọ́dún 1992, ni wọ́n fi ṣe kọmíṣọ́nnà rẹ̀. Nínú London, ọwọ́ Transport for London, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà ìlú náà, ni àwọn káńsù ti ń gba tiwọn.

Owó ìkọ́lé sì tún ni, kì í ṣe owó oúnjẹ. Ìṣirò owó káńsù ya èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ohun tó máa pẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n fi ń san owó oṣù. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi owó bèbè kọnkéré san àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, ohun tí òfin kò gbà ló ń béèrè.

Lójú tèmi, ọdún 2020 ló jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí ta gbòǹgbò. Ẹ ó rántí ìgbà Kòrónà, tí a kàn jí láàárọ̀ tí a rí kóònù àti ọ̀pá ike tí wọ́n fi ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ lójú títì. Àwọn èèyàn ní olóríkunkun ni káńsù, pé wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà tí ìjọba kọ sí wọn nígbà yẹn: bí iṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí owó dé, tàbí tí kò bá parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba lè gba owó rẹ̀ padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Ẹni tó bá ti ṣe òkú àgbà rí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó fi fẹnu kò lórí aṣọ ẹbí. Mo gbà pé ó tọ́ kí inú bí wọn. Ẹni tó yẹ kí wọ́n bínú sí kọ́ ni wọ́n bínú sí.

"Kí káńsù kọ owó náà, kí wọ́n gbájú mọ́ kòtò." Mo ti gbọ́ ìyẹn náà. Nígbà tí Boris Johnson ń ṣe olórí ìlú London, nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn ló gbé kalẹ̀ fún ètò kẹ̀kẹ́, pé kí àwọn káńsù etí ìlú wá dù ú. Lọ́dún 2014, Enfield, Kingston àti Waltham Forest ló jáwé olúborí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 27 ló kan Waltham Forest. Ariwo ta ní Walthamstow tó wà lábẹ́ káńsù náà débi pé lọ́dún 2015 àwọn kan gbé pósí jáde, pé wọ́n fẹ́ sin ọjà àdúgbò àwọn. Ká ní Waltham Forest sọ pé òun kò ṣe mọ́, káńsù mìíràn tó ń dù ú ni owó náà ì bá yà lọ́dọ̀. Kòtò kan ṣoṣo kò ní í tìtorí ẹ̀ dí.

Wọn kì í sì í nawọ́ gba owó yìí lásán. Láti oṣù Keje ọdún 2020 ni ìlànà tuntun ti wà lórí bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ọ̀dà funfun tí wọ́n kàn fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí mọ́tò ti ń rọ́ kọjá kò lè gba owó mọ́. Active Travel England tún ń fún káńsù kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 dé 4. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá wálẹ̀, owó rẹ̀ náà á wálẹ̀.

Kòtò ní owó tirẹ̀. Fún ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, bílíọ̀nù 1.6 pọ́n-ùn ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe títì ní England. Ti kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n kéde ní oṣù Kejì ọdún 2025 kò pé mílíọ̀nù 300. Ẹ fi wé ara wọn, kí ẹ sọ ẹni tó ń jẹ owó ẹnì kejì. Ní ti owó orí mọ́tò tí àwọn onímọ́tò fi ń halẹ̀, lọ́dún 1937 ni wọ́n ti fòpin sí owó àkànlò títì tí wọ́n ń dà á sí, káńsù kọ́ ló sì ń gbà á.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìwé ìbéèrè owó, àpò káńsù ni wọ́n sábà ń wò. Bí ọ̀nà náà bá ti parí, gbígbá ewé àti dída iyọ̀ sí i nígbà òtútù di ti káńsù, ìjọba kì í sábà dá sí ìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń kálòlò.

Ìwé tí káńsù fi ń béèrè èrò ará àdúgbò lórí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ti àkọ́kọ́, èmi àti ìwé ìpolówó píísà la jọ sọ ọ́ nù. Mo mú eléyìí lọ bá bọ̀ọ̀dá, n kò sì sọ fún wọn pé mo ń kọ nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ arọ ni màmá wọn ń lò. Bèbè ìkóríta wọn ga, ojú títì ni wọ́n máa ń ti màmá gbà. Mo fi hàn wọ́n pé owó yìí kan náà lè gé bèbè náà wálẹ̀, torí ti ẹlẹ́sẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n mú bírò wá.

Kòtò ni wọ́n kọ́kọ́ kọ.